Ẹ̀bùn Ọdún Tí Mo Yọ Nínú Àpótí Mbah

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí aṣọ bá wà nídìí yín bí ẹ ṣe ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi ká etí rẹ̀ sókè kí ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá rí bí ojú, ọwọ́ ènìyàn ló ṣe é. Bí ojú bá kún fún iṣẹ́ tí ẹ̀yìn sì funfun, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, wọ́n fẹ́ fi rẹ́ yín jẹ ni. Mbah Kasiyem ló kọ́ mi nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ìmọ̀ náà ni mo sì fi ń jẹun dòní.

Èmi tí mò ń kọ́ gbogbo ayé láti wo ẹ̀yìn aṣọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo ẹ̀yìn tèmi. Ó dáa. Lónìí, mo ti yí i padà fún yín. Ẹ wò ó dáadáa.

Wartini lorúkọ mi. Abúlé wa kò jìnnà sí ìlú Solo. Ìyá mi kú nígbà tí mo ṣì ń rá, Mbah Kasiyem, ẹ̀gbọ́n ìyá ìyá mi (ìyá àgbà ni mbah lédè wa), ló gbé mi sẹ́yìn tó tọ́ mi dàgbà. Iṣẹ́ bátíìkì ló ń ṣe. Á yọ́ ìda lórí iná, á fi gègé bàbà bù ú, á wá máa kọ iṣẹ́ sára aṣọ funfun díẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Bó bá kọ ojú tán, á tún yí i padà kọ ẹ̀yìn.

Ó kọ́ mi títí, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìdí mi kì í gbélẹ̀.

Mbah á ní, "Nduk, ṣé ẹ̀gún wà nídìí rẹ ni? Jókòó!" Nduk ni àgbàlagbà ń pe ọmọbìnrin tó bá fẹ́ràn lọ́dọ̀ wa. Kò sẹ́ni tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ láyé àfi òun.

Ẹnu ni Ọlọ́run fún èmi, kò fún mi lọ́wọ́. Ni mo bá di ẹni tí ń bá àwọn olówó ṣa ẹ̀bùn ọdún ìtúnu ààwẹ̀. Bisikíìtì inú agolo tó fún gbogbo ayé, kò tó fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà. Ó ṣòro láti fún irú wọn lẹ́bùn. Ohun tó dára, wọ́n ti ní in. Ohun tí kò dára, wọ́n á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á gbé e fún ọmọ ọ̀dọ̀. Èmi mọ ohun tó ń mú ojú wọn tàn. Òkìkí mi kàn dé Jakarta.

Bí Bu Yulinar ṣe rí mi nìyẹn. Bu ni à ń pe obìnrin tí a bọ̀wọ̀ fún. Ọmọ Padang ni, Jakarta ló ń gbé, ọmọ Solo ló fi ṣe ọkọ. Lóṣù mẹ́ta ṣáájú ọdún, ó jókòó sí iwájú ilé wa, ó na ìwé kékeré kan sí mi.

"Tini, wò ó. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ogójì ọmọláńgidi awọ nílé, àwọn tí wọ́n fi ń ṣeré òjìji. Kí ni màá tún fún un?"

"Ẹ má fún un ní ìkọkànlélógójì o, Bu. Ẹ fún un ní àtùpà bàbà àtijọ́ tí wọ́n ń gbé kọ́ sẹ́yìn wọn. Ogójì ọmọláńgidi láìní iná, kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?"

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀rẹ́ mi tó ń kó ìbòjú onígi jọ ńkọ́?"

"Ẹ fún un ní èyí tí agbẹ́gi ò tíì kùn. Kó lè rí ojú ọ̀bẹ lára rẹ̀."

"Háà, ìwọ ọmọ yìí! Ó ku ẹnì kan, òun ló sì le jù. Oyìnbó kan ni, ará Holland. Gbogbo ayé ló ti rìn, kò sí aṣọ tí kò rí. Ọkọ mi fẹ́ kó bá òun dòwò pọ̀. Mo fẹ́ ohun tí kò sí lọ́jà rárá."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ibí ni ẹnu mi ti pa mí. Mo ní, "Mbah mi ni yóò ṣe é fúnra rẹ̀. Kò sí ọwọ́ bíi tiẹ̀ mọ́ ní gbogbo àdúgbò yìí."

"Ṣé yóò parí ṣáájú ọdún?"

"Bu, èmi Tini ni mo sọ ọ́."

Mbah gbà, ó bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ọlà àti ọlá ló ń kọ sára rẹ̀, òdòdó wẹ́wẹ́ nínú ojú onígun mẹ́rin. Ṣùgbọ́n bí ààwẹ̀ ṣe wọlé ni ikọ́ dé. Bó bá ti wúkọ́, gègé á mì, ìda á kán síbi tí kò yẹ. Nígbà tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́rin, ìdajì aṣọ náà ṣì funfun.

Mbah sọ fún mi pé, "Sọ fún obìnrin náà kó fún mi di ẹ̀yìn ọdún. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í gbọ́ ìkánjú."

"Mo ti gbọ́, Mbah."

Mi ò sọ ọ́. Bu Yulinar ló pè mí fúnra rẹ̀. "Tini, mo ti sọ fún gbogbo ènìyàn nípa aṣọ yẹn o. Awakọ̀ mi ń bọ̀ lọ́la. Má dójú tì mí. Bí o bá dójú tì mí, má pe nọ́ḿbà mi mọ́, màá sì jẹ́ kí gbogbo ọ̀rẹ́ mi mọ irú ẹni tí o jẹ́."

Mo gun alùpùpù mi, mo wá aṣọ kiri ilé àwọn oníṣẹ́ mìíràn. Ọ̀kan ti tà tán. Èkejì fi mí rẹ́rìn-ín: "Ọjọ́ mẹ́ta sí ọdún lo wá ń wá iṣẹ́ ọwọ́? Lọ ra ẹran."

Mo padà sílé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mbah ti bá Yu Painah, aládùúgbò wa, lọ sí mọ́sáláṣí lọ gbọ́ kéwú. Ilé dákẹ́. Àpótí Mbah wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn rẹ̀.

Mo sọ fún ara mi pé mo kàn fẹ́ wò ó bóyá aṣọ àtijọ́ kan wà níbẹ̀ ni. Irọ́ ni. Mo mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín. Lọ́dọ̀ wa, ọjọ́ ìbí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. A ní ọjọ́ méje ti ọ̀sẹ̀, a ní ọjọ́ márùn-ún ti ọjà, bí méjèèjì bá tún pàdé bí wọ́n ṣe pàdé lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, ọjọ́ rẹ ti pé nìyẹn. Ọjọ́ márùndínlógójì ló ń gbà. Bí ọjọ́ Mbah bá pé, á gba ààwẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, á jókòó ti ìda, á máa kọ aṣọ kan ṣoṣo. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, á ká a, ó di ọjọ́ márùndínlógójì mìíràn. Ọdún méje ló fi kọ ọ́, ojú àti ẹ̀yìn.

Slobog ni a ń pe iṣẹ́ tó wà lára aṣọ náà. Onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́ ni, dúdú àti funfun àti àwọ̀ èèpo igi. Slobog ni ohun tó fẹ̀, tí kò há mọ́ni. Aṣọ tí a ń dà bo òkú ni, kí ọ̀nà lè gbòòrò fún ẹni tó ń lọ.

Lọ́jọ́ tó parí rẹ̀, ó pè mí. Ó ní, "Nduk, mi ò bímọ. Ìwọ ni mo ní. Lọ́jọ́ tí mo bá lọ, má jẹ́ kí wọ́n da aṣọ mìíràn bò mí. Má jẹ́ kí ọ̀nà há mọ́ mi."

Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo búra.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, mo tẹ́ aṣọ yẹn sórí ibùsùn, ẹwà rẹ̀ mú mi bí òùngbẹ. Ọkàn kan ní, "Tini, má ṣe é." Èkejì ní, "Oyìnbó ló ń lọ fún. Ara ògiri ló máa gbé e kọ́ sí. Kí ló mọ̀ nípa òkú àwa ará Jáfà? Mbah sì ń bẹ láàyè. Ó ṣì ń lọ ata fúnra rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá yá, á kọ òmíràn."

Á kọ òmíràn! Ọdún méje! Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún ara mi.

Mo ká a. Mo mú aṣọ ibùsùn àtijọ́ kan, mo ṣẹ́ ẹ bákan náà, mo fi ohun tí Mbah fi di tirẹ̀ wé e, mo sì dá a padà sínú àpótí kí ó lè wú bó ṣe ń wú tẹ́lẹ̀. Olè tó ń jalè, tó tún ń gbálẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀! Awakọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, mo gbé e fún un pẹ̀lú ẹ̀rín.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni fóònù dún.

"Tini! Mo sunkún! Ọlọ́run gbọ́, mo sunkún! Kí ni wọ́n ń pe iṣẹ́ yìí?"

Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Mo ní, "Ọ̀nà tó fẹ̀ ni, Bu. Wọ́n fi ń ṣàdúrà fún ènìyàn pé kí ọ̀nà rẹ̀ gbòòrò ni."

"Ọ̀nà tó fẹ̀! Ó mà dára o!"

Irọ́ tó ní òótọ́ nínú ló ń burú jù, ẹ̀yin ènìyàn mi. Irọ́ lásán, ènìyàn á mọ̀ ọ́n. Èyí tí mo pa yìí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn lọ síbi tí mi ò rán an.

Àárọ̀ ọdún pé. A ti kírun dé. Mbah jókòó sórí àga, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ aláwọ̀ ewé, ara rẹ̀ ti yá díẹ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ bí gbogbo ọmọ ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà lọ́jọ́ náà, mo fi iwájú orí kan orúnkún rẹ̀, mo sọ ohun tí gbogbo wa ń sọ: "Mbah, ẹ forí jì mí, èyí tó hàn àti èyí tó pamọ́."

Ó fi ọwọ́ lé mi lórí. "Mo forí jì ọ́, Nduk. Kí lo tiẹ̀ ṣe? Ìwọ náà, forí jì mí. Ìyà arúgbó ń jẹ ọ́."

Mo dìde, mo bu ọbẹ̀ adìẹ fún un.

Mi ò tíì jókòó tí Bu Yulinar fi pè. Ó ti dé Solo, ilé ìyá ọkọ rẹ̀ ló wà. "Tini, máa bọ̀ nísinsìnyí! Mo fẹ́ kí Eyang rí ẹni tó bá mi ṣa ẹ̀bùn rẹ̀."

"Ẹ̀bùn ta ni, Bu?"

"Ti Eyang Murti, ìyá ọkọ mi! Mo yí ọkàn padà. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣàdúrà fún ènìyàn, kí ni màá gbé e fún oyìnbó fún? Mo ti fún oyìnbó ní ìbòjú. Eyang ti pé ẹni ọgọ́rin ọdún, ó fẹ́ràn aṣọ ju ẹ̀mí lọ. Kò tíì tú u o, ìwọ la ń dúró dè."

Arúgbó ọmọ Solo! Bẹ́ ẹ bá jí irú ẹni bẹ́ẹ̀ lójú oorun, á sọ orúkọ gbogbo iṣẹ́ ara aṣọ fún yín. Mo gun alùpùpù, mo sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Mo fẹ́ sọ pé àṣìṣe wà, pé kí wọ́n dá a padà fún mi kí wọ́n tó tú u.

Mo bá gbogbo ẹbí ní pálọ̀, ọmọ àti ọmọọmọ, bí ogún. Eyang Murti wà láàrin wọn, irun funfun, ẹ̀yìn tó nà tọ́. Okùn ẹ̀bùn ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Òun nìyí! Òun nìyí!" ni Bu Yulinar ń pariwo. "Wá, Tini. Eyang, ẹ tú u."

Eyang tú u. Ó na apá kan rẹ̀ sórí ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ká etí aṣọ náà sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó tún dá a sílẹ̀.

Ó ní, "Ta ló ní kí n máa múra?"

Bu Yulinar ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀. "Eyang, ọ̀nà tó fẹ̀ ni! Àdúrà ni."

"Ọ̀nà tó fẹ̀ ni lóòótọ́, ìyàwó mi. Ọ̀nà ibojì ni. Aṣọ òkú lo gbé fún mi lọ́jọ́ ọdún."

Yé! Ẹ ò rí bí ojú Bu Yulinar ṣe yí padà. Ó yíjú sí mi. Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Tini, ṣé o mọ̀?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni mo ti lè di ènìyàn padà. Dípò bẹ́ẹ̀, mo wólẹ̀, mo bú sẹ́kún, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wò ó dáadáa. Mbah mi ti darúgbó, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì. Ọ̀tọ̀ lohun tí mo ní kó kọ. Ó ṣì í kọ ni."

Mbah tí kò ṣi ẹyọ kan kọ rí láyé rẹ̀.

Pak Wicaksono, ọkọ Bu Yulinar, ti dìde. Ó já aṣọ náà gbà. "Kò sí ẹni tí yóò bo ìyá mi mọ́lẹ̀ lójú mi!" Ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, níbi tí iná tí wọ́n fi se ọbẹ̀ ọdún ṣì ti ń jó.

Eyang ní, "Wicak, dúró ná. Má tíì sun ún."

Kò dúró. Mo tẹ̀lé e. Mo dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí iná náà, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn kan ló kù tó lè gbà á là: aṣọ Mbah mi ni, òun ló ṣe é fún ara rẹ̀, ẹ fún mi kí n lọ dá a padà. Gbólóhùn kan péré. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, olè ni mí lójú ogún ènìyàn.

Mo pa ẹnu mọ́. Pak Wicaksono jù ú síná. Ó kọ́kọ́ rú èéfín, ó wá jó láti etí wá sí àárín. Ọdún méje jó tán kí ọbẹ̀ tó tutù. Mo wò ó títí ó fi di eérú, ẹ sì gbọ́ ohun tó ń tì mí lójú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: ọkàn mi fúyẹ́. Mo rò pé ẹ̀rí ti tán.

Amòòkùn-ṣolè, bí ọba ayé kò rí ọ, ti ọ̀run ń wò ọ́.

Lọ́jọ́ kẹta ọdún, Yu Painah wà lọ́dọ̀ wa, òun àti Mbah ń jẹ àkàrà oyìnbó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn lẹ́yìn. Mò ń po tíì lẹ́yìn ilé. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ dúró. Mo yọjú. Eyang Murti ló ń bọ̀, òun nìkan, ó fi ọ̀pá rọra ń tẹlẹ̀.

Mbah dìde, ó tẹ́ ẹní fún un. "Ẹ káàbọ̀, Bu. Ẹ má bínú, ilé wa ò dára tó."

Eyang jókòó. Ó di ọwọ́ Mbah méjèèjì mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni ìyá ọkọ Yulinar. Mo wá tọrọ àforíjì ni. Ọmọ mi sun iṣẹ́ ọwọ́ yín. Mo ní kó dúró, kò dúró."

"Iṣẹ́ ọwọ́ mi wo, Bu? Aṣọ ti ìyàwó yín ṣì wà lórí igi níbẹ̀ yẹn. Mi ò tíì parí rẹ̀. Mo ti ní kí ọmọ mi bẹ̀ ẹ́."

Eyang wo aṣọ tí ìdajì rẹ̀ funfun náà. Ó wá bojú wẹ̀yìn, ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó dà bí ẹni pé ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn fẹ́ fi ojú rí i ni.

Ó rọra sọ ọ́. "Slobog ni. Dúdú, funfun, èèpo igi. Ọmọ yìí sọ fún wa pé ojú yín ń ṣe bàìbàì, pé ẹ ṣì í kọ ni. Ṣùgbọ́n mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó jó. Kò sí ibi kankan tí ọwọ́ ti ṣì. Mo sùn, mo rò ó, mo ní ẹni tó ṣe èyí kò ṣe é fún títà."

Yu Painah gbé ọwọ́ lé àyà. "Mbah! Ṣé kì í ṣe tiyín ni?"

Mbah dìde. Ó wọ yàrá. A gbọ́ tí àpótí ṣí. A gbọ́ tó ń tú ìdì. Ó pẹ́ kó tó jáde. Nígbà tó jáde, aṣọ ibùsùn àtijọ́ yẹn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mbah, ẹ pa mí. Ẹ nà mí."

Kò nà mí. Kò pariwo. Ó jókòó, ó gbé aṣọ ibùsùn náà lé ẹsẹ̀, ó bi mí léèrè:

"Láàárọ̀ ọdún tí o kúnlẹ̀ síbi tí o kúnlẹ̀ sí yìí, tí o ní kí n forí jì ọ́, tí mo sì gbé ọwọ́ lé ọ lórí, kí ni mo forí rẹ̀ jì ọ́?"

Mo wo ilẹ̀.

"Mò ń bi ọ́, Wartini."

Láti ìgbà tó ti gbé mi sẹ́yìn, kò pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀ rí. Títí ó fi kú, kò pè mí ní Nduk mọ́. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń dúpẹ́, ó ń kí mi láàárọ̀. Wartini, ẹ ṣeun. Wartini, omi ti gbóná. Ó ń fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ ọ́. Ẹ̀yin ò mọ bó ṣe ń dunni tó. Igi tí wọ́n fi ń na ọmọ sàn jù ú lọ.

Ọjọ́ rẹ̀ pé lẹ́yìn ọjọ́ méjìlá. Ó gba ààwẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó yọ́ ìda, ó na aṣọ funfun tuntun. Mò ń wò ó láti ilé ìdáná. Ikọ́ ti padà. Ọwọ́ ń gbọ̀n. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ojú mẹ́sàn-án péré ló kọ, ìda sì kán sí mẹ́ta nínú wọn. Ó ká a, ó gbé e sínú àpótí. Ó di ọjọ́ márùndínlógójì mìíràn.

Kò rí i. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí ọjọ́ náà pé tí Mbah kírun ọ̀sán, tí ó fẹ̀yìn lélẹ̀, tí kò dìde mọ́.

A kì í fi òkú sílẹ̀ títí lọ́dọ̀ wa. Wọ́n ti ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn obìnrin ti ń pọn omi ìwẹ̀. Mo gun alùpùpù, mò ń sunkún lọ lójú pópó. Ilé oníṣẹ́ àkọ́kọ́ tì. Ẹnì kejì ní òun ò ní slobog nílẹ̀, pé irú rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ ènìyàn ṣe, wọn kì í ṣe é sílẹ̀. Ó ku ọjà. Obìnrin kan níbẹ̀ fa ọ̀kan yọ láàrin ọgọ́rùn-ún, gbogbo wọn wà nínú ọ̀rá. Mi ò ní àkókò láti wá òmíràn. Mo san owó.

Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Mo ti máa ń gbọ́ òwe yìí, mo máa ń fi rẹ́rìn-ín ni.

Àwọn tó ń kọ lẹ́tà sí ìwé yìí máa ń béèrè lọ́wọ́ mi, ẹ̀bùn wo ni kí àwọn fún ẹni tó fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà lọ́dún. Mi ò dáhùn mọ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀: kí ẹ tó wo bó ṣe dára tó, ẹ béèrè ẹni tó ni ín, kí ẹ sì wo ojú ẹni tó ń tà á fún yín. Ká ní Bu Yulinar wo ojú mi ni, ì bá ti rí òótọ́.

Wọ́n ti wẹ Mbah tán, wọ́n ti di aṣọ funfun mọ́ ọn lára, wọ́n ti tẹ́ ẹ sórí àkéte tí wọ́n fi ń gbé òkú. Ilé kún fọ́fọ́. Mo yọ aṣọ náà nínú ọ̀rá, mo dà á bò ó, mo sì tún etí rẹ̀ ṣe kó má baà ká. Slobog ni. Dúdú, funfun, èèpo igi. Ẹni tó bá dúró lókèèrè á ní ó dára.

Yu Painah súnmọ́ ọn. Ogójì ọdún ni òun àti Mbah fi jọ kọ ìda. Kò rò ó rárá, ọwọ́ rẹ̀ kàn lọ bẹ́ẹ̀ ni, bí ọwọ́ gbogbo wa ṣe ń lọ: ó di etí aṣọ náà mú, ó ká a sókè.

Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Ó wò ó. Ó wò mí. Ó rọra dá a sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn má baà rí i.

Ó ní, "Tini, ṣé o wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí o tó rà á?"

Mo ní, "Mo wò ó."